Ìkànnì Gàrí Àwọn Obìnrin Glei

Nígbà tí Noëlle fẹ́ Gérard, tó sì wọ ilé wọn ní Glei, lójú ọ̀nà tó ti Lomé lọ sí Atakpamé, kì í ṣe ọkọ kan ṣoṣo ló fẹ́. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ ni, ìbáà ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ó bá Roméo, àbúrò Gérard, nílé. Noëlle fi ọdún díẹ̀ ju Roméo lọ, ṣùgbọ́n kí ni ó máa ṣe? Ọkọ rẹ̀ ni. Ló bá fún un lórúkọ, ó pè é ní Adúmáradán, ó sì ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá bíṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. Àlejò tó bá gbọ́ á ní ìyàwó yìí mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ. Àwọn ará ilé mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ló kún inú “ẹ” náà dé ẹnu.

“Adúmáradán, ṣé ẹ jí ire? Ṣé ẹ ti rí àṣìṣe tó wà nínú iṣẹ́ yín àná?”

“Ìyàwó wa, kò sí àṣìṣe nínú iṣẹ́ mi. Ojú tí o fi wò ó ló ní àṣìṣe.”

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ wọn dùn ni pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: ìkànnì ayélujára ni wọ́n ń kọ. Kì í ṣe ìkànnì tó kàn dúró sójú kan bí pátákó ìpolówó tó wà lẹ́bàá títì. Èyí tó ń dá ènìyàn lóhùn ni wọ́n ń kọ. O tẹ orúkọ rẹ, ó dá ọ mọ̀. O béèrè ọjà, ó wò ó bóyá ó ṣẹ́ kù, ó sì fèsì. Noëlle kọ́ tirẹ̀ ní yunifásítì ní Lomé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Atakpamé. Roméo ní tirẹ̀ dá kọ́ ọ fúnra rẹ̀ ni, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan nítòsí ọjà Atakpamé, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe, tó sì ń kọ ìkànnì fún ẹni tó bá fẹ́.

Kò sí ẹni tó ń kọ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ pátápátá mọ́. Àwọn kan káàkiri ayé ti pawọ́ pọ̀ ri òpó, wọ́n ti gbé àjà lé e, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá wù lè wò ó, ẹni tó bá rí ibi tó ń jò lè tún un ṣe. Ìwọ á kàn mọ ògiri tìrẹ sí i ni. Irú àwọn òpó ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì péré ló wọ ilé Glei. Django ni ti Noëlle. Èdè tí wọ́n ń pè ní Python ni wọ́n fi ṣe é. Laravel ni ti Roméo. Èdè PHP ni tirẹ̀. Ìjà èwo ló dára jù ni wọ́n fi ń jẹun alẹ́ ní ilé náà.

Roméo á ní, “Irú èdè wo ni èdè tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá fi àyè òfìfo kan ṣoṣo síbi tí kò yẹ, gbogbo iṣẹ́ á dúró gbọin? Ṣé èdè nìyẹn, àbí ìyá ọkọ?”

Ìyá wọn á sì dáhùn láti ilé ìdáná, “Roméo, mo ń gbọ́ ọ o!”

Noëlle á ní, “Ó sàn ju tiyín lọ, Adúmáradán. Gbogbo orúkọ inú PHP ló gbé àmì dọ́là lérí kiri, bí ẹni pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ń rè.”

Gérard fúnra rẹ̀ kò mọ ìkankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Olùkọ́ ìtàn ni ní Akparé, ohun tó ṣẹlẹ̀ kí àwọn ará Jámánì tó dé ló yé e. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àlàáfíà, ó sì ti há ohun kan sórí: Django dára, Laravel kò dára. Bí ìyàwó rẹ̀ kò bá sí nílé, tó jẹ́ òun àti àbúrò rẹ̀ nìkan ló kù, á yí i padà sí òdì kejì.

Ìyá wọn ni Màmá Jacqueline. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Glei. Gàrí wọn lórúkọ. Ọkọ̀ tó bá ń ti Lomé bọ̀ á dúró rà á, àwọn olóúnjẹ ìlú ńlá á sì máa pè láti béèrè bóyá ó wà. Nọ́ńbà Màmá nìkan ni gbogbo wọn mọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, fóònù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké: Ṣé gàrí wà? Àpò mélòó? Ṣé ti Colette ni àbí ti ẹlòmíràn? Màmá á sáré lọ béèrè lọ́wọ́ Colette, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Colette á ní òun ti tà á lánàá, Màmá á tún pe oníbàárà padà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, fóònù náà ké nínú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an nígbà tí Fadá gbé Ara Olúwa sókè, tí gbogbo ìjọ dákẹ́ lórí eékún. Orin tí wọ́n fi sí i kì í sì í ṣe orin Ọlọ́run. Màmá wá a nínú àpò, kò rí i. Ó wá a lábẹ́ ìborùn, kò rí i. Ó jókòó lé e ni.

Nígbà tó délé, ó tú gèlè, ó sì pe Noëlle àti Roméo síwájú.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ìjà ìkànnì dí mi létí, iṣẹ́ ti dé. Mo fẹ́ ibi tí ará Lomé ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ní gàrí, kó rí iye àpò tó ṣẹ́ kù, kó sì béèrè tirẹ̀ níbẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ mi náà lè máa kọ ọjà wọn sí i fúnra wọn. Kí n lè gbọ́ Máàsì dé òpin.”

“Django!” ni Noëlle wí.

“Laravel!” ni Roméo wí. Ẹnu kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì fi jáde.

Màmá wò wọ́n. “Ta ni àwọn wọ̀nyẹn? Ṣé ará Ghana ni wọ́n?”

Wọ́n gbìyànjú láti ṣàlàyé. Noëlle ní Django ń ṣọ́ ilẹ̀kùn dáadáa, kò ní rọrùn fún olè láti wọ̀ ọ́. Roméo ní ta ló fẹ́ jí gàrí nínú kọ̀ǹpútà. Roméo ní Laravel rọrùn láti kọ́, ìwé àlàyé rẹ̀ dùn ún kà. Noëlle ní ìwé àlàyé ní láti dùn nígbà tí iṣẹ́ kò bá yéni. Gérard dá sí i, ó ní Django dára.

Màmá gbọ́wọ́ sókè. “Ẹ gbọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yín yóò ṣe tirẹ̀ kékeré. Ẹ ó gbé e wá sí ibi ìyangàrí lọ́jọ́ Sátidé tí oṣù yìí bá ń parí lọ. Àwọn tó ni gàrí ni yóò mú èyí tó wù wọ́n.”

Noëlle bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìdajì iṣẹ́ nínú Django kí ó tó rántí pé ó yẹ kí òun mọ ibi tí ìkànnì náà yóò máa gbé. Ìkànnì kì í gbé inú afẹ́fẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà tó ń gbà á lálejò, tó ń wà ní títàn tọ̀sán-tòru. Léon, ọmọ Colette, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lomé, ti ṣèlérí láti fún àwọn obìnrin náà ní àyè lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Noëlle pè é.

“Àyè wà dáadáa, Màdáámù,” ni Léon wí. “Ṣùgbọ́n PHP nìkan ni ẹ̀rọ wa ń gbà. Python kò sí níbẹ̀. Mo ti bẹ ọ̀gá mi títí, ó ní òun kò ní fi kún un.”

Noëlle dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ bí ẹni gbé ìkòkò gbígbóná. PHP nìkan! Èyí ni pé nínú àwọn méjèèjì, Laravel ti Roméo nìkan ni ilé náà gbà. Ó yẹ kó dìde lójú ẹsẹ̀, kó lọ sọ fún Roméo. Ó dìde lóòótọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá rò ó bí Adúmáradán yóò ṣe rẹ́rìn-ín, bí yóò ṣe fi ọ̀rọ̀ náà kọrin nídìí ọbẹ̀, nídìí kànga, títí di ọjọ́ àjíǹde. Ó padà wá jókòó.

Ó wí fún ara rẹ̀ pé, “Kò burú. N ó fi Laravel tirẹ̀ náà ṣe é. Ó kéré tán, n ó mọ àbùkù rẹ̀ dé gbòǹgbò.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní kọ̀rọ̀. Ó fi ojú ọ̀tá kà á, ó ń wá ibi tí yóò ti bú u. Ìwé àlàyé náà dùn lóòótọ́, ìyẹn kọ́kọ́ bí i nínú. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, irinṣẹ́ náà bá a ṣí fáìlì tó nílò, ó sì tò ó síbi tó yẹ. Ó fẹ́ kó àwọn àpò gàrí tó ṣẹ́ kù jáde láti inú àkójọ. Ìlà tó fi kọ ọ́ kà bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó rí àbùkù náà o. Django á ti gbé ojú ìwé tí àwọn obìnrin yóò fi kọ ọjà wọn kalẹ̀ fún un láìtọrọ. Nínú Laravel, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀, bọ́tìnnì dé bọ́tìnnì. Àmì dọ́là sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ń gbàgbé rẹ̀, iṣẹ́ ń dúró, á wá a kiri títí orí á fi fọ́ ọ. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi parí, ó gbọ́ tí òun ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bí òun ṣe ń ṣe é. Ojú ara rẹ̀ tì í.

Gérard ló kọ́kọ́ fura. Ó gbé tíì wọlé fún ìyàwó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, Noëlle sì pa kọ̀ǹpútà dé gbàmù.

“Kí ni?” ni Gérard béèrè.

“Iṣẹ́ ni.”

“Iṣẹ́ tí a kì í fi han ọkọ ẹni?”

“Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tíì yẹn síbẹ̀.”

Gérard gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Atakpamé pé kó bá òun wò ó. Bí ó ṣe yọjú, Roméo náà pa kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dé gbàmù. Gérard dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó wo ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ bóyá ohun kan wà lára òun tó ń ba ènìyàn lẹ́rù, ó sì yí padà sílé.

Nídìí oúnjẹ ọjọ́ Àìkú, nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí kò yé e. Noëlle ló bẹ̀rẹ̀.

“Adúmáradán, ẹ bá mi sọ ọ́ o, kí n lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Nínú Laravel yín yẹn, bí oníbàárà bá kọ ohun tí kò tọ́, báwo ni ẹ ṣe ń mú kó bá a wí ní èdè Faransé? Àbí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́?”

Inú Roméo dùn. Ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún ya á sórí tábìlì pẹ̀lú omi ọbẹ̀. Noëlle ń mi orí, ó ń ṣe bí ẹni tó ń fi ṣẹ̀sín. Lẹ́yìn náà Roméo ní:

“Èmi náà ní ìbéèrè, ẹ̀sín náà ni mo fẹ́ fi ṣe. Nínú Django tìrẹ yẹn, bí ènìyàn bá ti tún ọ̀nà àkójọ ọjà rẹ̀ tò, tó wá ń sọ fún un pé kò bára mu mọ́, kí ni ẹni náà ń ṣe? Bí ẹni náà bá gọ̀, àbí?”

Noëlle sọ fún un ohun tí ẹni tó gọ̀ ń ṣe. Roméo ní kó tún un sọ, kí òun lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Gérard wo èkíní, ó wo èkejì. Ó ní Django dára.

Sátidé dé. Ibi ìyangàrí jẹ́ àtíbàbà gígùn kan lẹ́yìn títì ńlá, òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan gba ibẹ̀ kan. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ti pa iná, wọ́n fi àpótí àti ìdí igbá jókòó. Colette wà níwájú. Òun ni gàrí rẹ̀ funfun jù nínú gbogbo wọn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Oyin náà wà níbẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń bi ìbéèrè lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti rò pé ọ̀rọ̀ parí. Gérard dìde, ó sọ ọ̀rọ̀ ìṣíde bí olùkọ́. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà láyé yìí, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, ó sì wo ìyàwó rẹ̀ bó ti ń wí i. Màmá ní kó jókòó.

Roméo ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ojú ìwé oníbàárà mọ́ tónítóní: orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan, fọ́tò gàrí rẹ̀, iye àpò tó kù. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ó wá ṣí ojú ìwé tí àwọn fúnra wọn yóò máa lò. Ó ní, “Ẹ wò ó, Màmá, ẹ tẹ ibí, ẹ kọ iye àpò, ẹ tẹ ìsàlẹ̀ yìí, ó parí.”

Noëlle ti na ọrùn. Ó wo bí àwọn àkọlé ṣe tò. Ó wo bọ́tìnnì tó wà lókè lápá ọ̀tún. Ó ti rí ojú ìwé yẹn ju bó ti rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí lọ.

“Adúmáradán!” ó fò dìde. “Django lẹ gbé wá yìí!”

Roméo bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. “Ta ló wí bẹ́ẹ̀?”

“Django nìyí láti orí dé àtàǹpàkò! Ojú ìwé tí ó máa ń gbé wá fúnra rẹ̀ nìyẹn!”

Roméo wo ilẹ̀, ó wo òkè àtíbàbà, nígbà tó rí i pé kò sí ibi tí òun lè gbà sá, ó jẹ́wọ́. “Ìyàwó wa, àbùkù rẹ̀ ni mo ń wá. Màmá ní kí àwọn obìnrin lè máa kọ ọjà wọn fúnra wọn. Mo ronú iye ojú ìwé tí n ó fi ọwọ́ kọ, ó rẹ̀ mí. Mo ní kí n wo tìrẹ yẹn, kí n fi rẹ́rìn-ín. Mo kọ ìlà díẹ̀ nípa àpò àti ẹni tó ni ín, mo dìde lọ mu omi. Nígbà tí mo padà dé, ó kù díẹ̀ kó ti parí.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi bọ́ lórí igbá. Noëlle ìbá rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

“Ó kan tìrẹ,” ni Roméo wí.

“Ó ti tó. Ẹ jẹ́ á mú ti Adúmáradán. Ó dára.”

“Ó kan tìrẹ!” ni gbogbo wọn wí.

Ó ṣí i. Àwọn obìnrin ń wo gàrí, ṣùgbọ́n Roméo kò wo gàrí. Ó na ọrùn láti ẹ̀yìn Noëlle, ó yọ ọwọ́ tẹ nǹkan kan, kóòdù inú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì dọ́là rẹ̀.

“Ẹ gbà mí o!” ni Roméo kígbe. “Ìyàwó wa ti já ilẹ̀kùn wọ ilé mi!”

Noëlle ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Léon, pé PHP nìkan ni àyè tí wọ́n fún wọn gbà. Ó yẹ kí àlàyé náà parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ sún mọ́ Laravel, kò lè dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní pẹ̀lúpẹ̀lù, ìwé àlàyé rẹ̀ yéni, ìlà rẹ̀ kà bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Roméo ní ẹnu ta ni, ẹnu akólòlò? Django ló mọ́, kò sí àmì dọ́là tó ń dí ènìyàn lójú. Noëlle ní àmì dọ́là kò dí ojú ẹni tó mọ̀wé. Roméo ní àyè òfìfo inú Python, ẹ̀kọ́ ìwà ni fún ọ̀lẹ. Wọ́n ti ń gbọ́wọ́ sókè síra wọn kí Gérard tó dìde.

“Ẹ dúró, ẹ dúró. Èwo ni mò ń gbè lẹ́yìn báyìí?”

“Jókòó, Gérard,” ni Màmá wí. Ó yíjú sí àwọn méjèèjì. “Roméo, ṣé o mọ ti ìyàwó rẹ báyìí?”

“Mo mọ̀ díẹ̀, Màmá.”

“Noëlle, ṣé o mọ ti ọkọ rẹ?”

“Díẹ̀, Màmá.”

“Ó dáa. Bí ọ̀kan bá rẹ̀, èkejì á gbà á. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ẹ jókòó, kí àwọn tó ni gàrí ó sọ̀rọ̀.”

Colette ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó gba kọ̀ǹpútà Roméo, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó gba ti Noëlle. Ó tún padà sí ti Roméo.

“Ta ló ni gàrí yìí?”

“Tiyín ni, Màmá Colette,” ni Roméo wí.

“Tèmi? Èyí tó dúdú bí eérú yìí? Ṣé òjò ló pa á ni, àbí àrùn ló ṣe é?”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé inú ṣọ́ọ̀bù ni Roméo ti ya fọ́tò tirẹ̀, lábẹ́ gílóòbù tó fi ń tún fóònù ṣe. Noëlle ya tirẹ̀ ní àgbàlá ní òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Gàrí ti Noëlle funfun báláú. Àwọn obìnrin pé jọ lé kọ̀ǹpútà méjèèjì lórí, olúkúlùkù ń wá gàrí tirẹ̀, ariwo sì sọ.

“Màmá, fọ́tò ni! Ìṣẹ́jú kan ni n ó fi yí fọ́tò padà!” ni Roméo ń bẹ̀bẹ̀.

“Ọmọ mi,” ni Colette wí, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, “mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i báyìí, kò lè kúrò lójú mi mọ́.”

Báyìí ni wọ́n ṣe mú ti Noëlle; kò sí ẹni tó tún rántí ọ̀rọ̀ Léon. Noëlle dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó rántí gbogbo ohun tó kà, gbogbo àmì dọ́là tó wá kiri, ó sì wò ó pé oòrùn òwúrọ̀ ló bá òun borí. Kò mọ bóyá kí òun yọ̀ tàbí kí òun bínú.

Ibẹ̀ ni Ìyá Oyin ti bi ìbéèrè. Ó ti gba fóònù Noëlle, ó ń gbìyànjú láti kọ ọjà tirẹ̀ sí i. “Àpò méjì àti ààbọ̀ ni mo ní. Kò gbà á.”

Lóòótọ́, kò gbà á. Noëlle ti kọ ọ́ pé odidi nọ́ńbà nìkan ni kó gbà. Kò rò ó pé ẹnikẹ́ni lè ta ààbọ̀ àpò. Ó jókòó láti tún un ṣe, ojú gbogbo ènìyàn ń wò ó, ó yí ibì kan padà, ibòmíràn bá kọ̀. Roméo fa àpótí kan, ó jókòó tì í.

“Ibi méjì ló yẹ kó o yí padà,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí àwọn yòókù má bàa gbọ́. “Ìhín ni ibi tó ti ń yẹ ohun tí wọ́n kọ wò. Ọ̀hún ni ibi tó ti ń tọ́jú rẹ̀.”

Noëlle yí i padà. Roméo ń ka kóòdù náà lọ, ẹnu rẹ̀ sì ń fẹ́ rẹ́rìn-ín.

“Kí ni?” ni Noëlle béèrè.

“Kò sí nǹkan. PHP tó o kọ dára. Ṣùgbọ́n ó ń fọ ohùn Python. Bí ará Kpalimé tó ń sọ èdè Ifẹ̀ tiwa ló rí. Gbogbo rẹ̀ yéni, a kàn mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ilé yìí.”

“Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Mo fẹ́ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó dùn ún gbọ́.”

Ìyá Oyin tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gba àpò méjì àti ààbọ̀.

Léon gbé ìkànnì náà sí àyè rẹ̀ ní Lomé, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn olóúnjẹ Lomé ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn wọn ni ẹnì kan ní Moretan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí béèrè tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Atakpamé tún béèrè àpò tó pọ̀ débi pé nígbà tí Màmá Jacqueline kà á, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó tún un kà, ó sì pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ. Gàrí tó wà nílẹ̀ kò tó ìdajì rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ wà lóko, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí yóò bó o kò tó.

“Àwọn tó kọ ìkànnì dà?” ni Colette béèrè.

Báyìí ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe Noëlle, Roméo àti Gérard ní òwúrọ̀ Sátidé, tí wọ́n fi ọ̀bẹ lé wọn lọ́wọ́ níwájú òkìtì ẹ̀gẹ́ tó ga ju alùpùpù Gérard lọ. Noëlle, ìlú ńlá ló ti dàgbà, ó ń bó ẹ̀gẹ́ bí ẹni ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Roméo ń yára, ṣùgbọ́n ó ń bó ara ẹ̀gẹ́ mọ́ èèpo. Ẹ̀gẹ́ tó tó itan nígbà tó mú un, nígbà tó fi í sílẹ̀ kò ju ọmọ ìka lọ. Gérard ló mọ̀ ọ́n bó jù nínú wọn. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Oyin, ó ń sọ ìtàn àwọn ará Jámánì fún un, òkìtì iwájú rẹ̀ sì ń ga sí i.

Colette dúró lórí Noëlle àti Roméo, ó gbé ẹ̀gẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sókè, ó yí wọn po, ó ń wò wọ́n.

“Màmá Colette,” ni Noëlle béèrè, “èwo ló dára jù?”

Colette gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. “Ẹ lọ pọn omi wá.”

Wọ́n gbé garawa, wọ́n ń lọ sídìí kànga, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn ta ni ó bó tirẹ̀ burú jù.